Ọ̀gbẹ́ni Ohùn-Kò-Jáde àti Fáànù Mẹ́ta

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe èèyàn burúkú. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí lè mú kẹ́ ẹ rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, Àǹtí ni mo sì ń pe ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kó máa gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn sọ nípàdé, kó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Wọ́n á gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tí gbogbo wa mọ̀ sí Màdáámù, Màdáámù á sì fi í ránṣẹ́ sí i. Òun á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá kékeré tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, á máa gbọ́, á máa tẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ò bá ti yé e, á kọ "ohùn kò jáde" síbẹ̀, á sì kọjá lọ.

Láti bí ọdún mẹ́ta ni "ohùn kò jáde" yìí ti ń pọ̀ sí i. Ó pọ̀ débi pé àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ: Ọ̀gbẹ́ni Ohùn-Kò-Jáde. Nígbà tó yá, Màdáámù kọ̀wé sí i pé ìpàdé àwọn ayálégbé kan tó ti ń tẹ ìwé wọn tẹ́lẹ̀ ló máa ṣe kàn, òun á sì gbà á lọ́jọ́ Ajé. Ó ní bí "ohùn kò jáde" bá ju márùn-ún lọ níbẹ̀, kó má wulẹ̀ retí iṣẹ́ míì mọ́. Ogún ọdún ni Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kò kọ́ òmíràn.

Ta lẹ rò pé ó di ẹ̀bi náà rù? Kọ̀ǹpútà ni.

Ká sòótọ́, kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Àpótí irin dúdú kan báyìí ni, ó ti bá wọn kó kúrò nílé kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta. Fáànù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ kó má bàa gbóná, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbó, wọ́n sì ń kùn "gbùùù" bí ẹni tó yó tó sùn. Ẹ̀gbọ́n ní kíkùn yẹn ló ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Àǹtí ní ṣé kò ní kúkú ra gbohùn-sétí tí wọ́n ń kì bọ etí, kó fi máa gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ní ohun tó ń di etí kò lè la etí. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí, mi ò rí èsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò nítumọ̀.

"Fáànù tuntun ni mo máa rà," ó wí. "Èyí tó dákẹ́." Ó sì kọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Màdáámù.

Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń wá fáànù bí ẹni ń wá aya fún àkọ́bí rẹ̀! Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun tìtorí rẹ̀. Ó tú àpótí, ó fi rúlà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan fáànù láti etí dé etí, ó tún wọn àárín ihò ìdè wọn. Ó ka ihò ẹnu wáyà, ó rí mẹ́ta, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kà á níbì kan pé fáànù ńlá tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ máa ń dákẹ́ ju kékeré tó ń sáré lọ, ọ̀rọ̀ náà ló sì fi ń kí àlejò fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Lórí fóònù, á máa wo fídíò tí wọ́n ti ń tan fáànù, á dijú, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àǹtí á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Dádì, oúnjẹ yín ti ń tutù o." Kò ní dáhùn. Àǹtí á tún un sọ. Bó bá wá ṣàdédé rí i, á ní kó má bínú, ariwo fáànù ni kò jẹ́ kóun gbọ́. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò sí ní títàn.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ Ajé pé, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há, páálí kún un dókè àjà. Obìnrin náà to fáànù mẹ́ta sórí tábìlì.

"Ẹ wo ẹ̀yìn páálí, sà," ó wí. "Wọ́n kọ bí ariwo wọn ṣe tó síbẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bá kéré jù ló dákẹ́ jù."

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó pẹ́ tó ti máa ń wo ẹnu èèyàn bẹ́ẹ̀, èmi sì rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fúnni ni.

"Ìwé ò létí," ó dá a lóhùn. "Èmi ni mo létí. Ogún ọdún ni mo ti ń fi etí jẹun."

Obìnrin náà bá so wọ́n mọ́ bátìrì níkọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ tóbi, ó dúdú, ó ń mí "hùù" wẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n fajú ro, ó ní ariwo rẹ̀ pọ̀. Ó ní ìkejì náà ń kùn. Ìkẹta jẹ́ abẹ̀bẹ̀ pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí, súfèé tín-ín-rín kan wọ inú orí mi, eyín kan mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo ti rí i!" ó wí. "Ẹ fún mi ní mẹ́ta."

"Sà, mi ò ní tàn yín jẹ," obìnrin náà wí. "Ìyẹn ń súfèé. Àwọn tó rà á ń dá a padà ni."

Ẹ̀gbọ́n sanwó, ó fà mí jáde. "Ṣé o ti rí ọlọ́jà tó ń bú ọjà ara ẹ̀ rí?" ó bi mí. "Èyí tó wọ́n ló fẹ́ tà fún mi. Wọn ò bí i dáadáa láti rẹ́ mi jẹ."

Mo gbọ́ súfèé yẹn, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ tètè délé, mo sì mọ̀ pé bí mo bá lanu, a máa tún gbogbo rẹ̀ gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Mo bá fi ọ̀wọ̀ àgbà bo ìmẹ́lẹ́ mi mọ́lẹ̀.

Nígbà tá a délé, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú àpótí, ó yọ àwọn arúgbó, ó de àwọn tuntun, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Súfèé mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí sáré jáde ní kíṣìnnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Kí ló ń súfèé nínú ilé mi?"

Ẹ̀gbọ́n gbé ìka sókè. "Ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́."

Àǹtí wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Dádì, ó ń súfèé."

"Ṣé ìwọ àti ọlọ́jà yẹn ti pàdé ni?" Inú bí i gidi. "Ó dáa. Màá kọjú sí ògiri. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn nígbà tó bá wù yín. Bó bá ń súfèé lóòótọ́, èmi fúnra mi á sọ ọ́."

Ó kọjú sí ògiri, ó káwọ́ lẹ́rán. Mo pa á. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo kà dé mẹ́wàá nínú mi, mo tàn án padà. Súfèé gba gbogbo yàrá, Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Ó yá," Ẹ̀gbọ́n wí fún ògiri. "Ẹ tàn án."

Èmi àti Àǹtí wo ara wa.

"Ẹ tàn án jàre! Àbí ẹ̀rù ti ń bà yín ni?"

Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín nínú mi. Ẹ̀rín náà tán níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí fún ẹnu tí mo pa mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí lọ bá a, ó gbá a léjìká mú, ó rọra yí i padà. Ẹ̀gbọ́n rí abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tó ń yí bírí. Ó wò wá. Ó wá àga jókòó.

Èmi ni mo dá àwọn fáànù arúgbó padà sínú àpótí. Àǹtí gba gbohùn-sétí fóònù mi, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n ṣí ìwé ìpàdé àwọn ayálégbé. "Ohùn kò jáde" mẹ́tàdínlógún ló ti kọ síbẹ̀. Àǹtí ń gbọ́, ó ń tún un sọ sókè, Ẹ̀gbọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Èyí àkọ́kọ́, obìnrin ni. Ìkejì, obìnrin. Àfi bàbá kan tó ń wúkọ́, obìnrin ni gbogbo wọn, ohùn wọn sì já gaara. Nígbà tó dé ìkẹsàn-án, Àǹtí dá a dúró, ó sì tún un gbọ́.

"Kí ló sọ?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ó ní, 'Ìpàdé kẹrin rèé tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ irin àtẹ̀gùn tó ti já. Bí ìwé ìpàdé bá dé, kì í sí níbẹ̀. Alága á wá ní mi ò sọ nǹkan kan. Ta ló ń kọ ìwé yìí gan-an?'"

Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ Àǹtí. Ó ní kí Àǹtí tún un sọ. Àǹtí tún un sọ, Ẹ̀gbọ́n sì tẹ̀ ẹ́ tán pátá, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, èsì Màdáámù dé. Ó ní òun ò rí "ohùn kò jáde" kan ṣoṣo. Ó ní fáànù yìí mà dáa o, irú èwo ni? Ẹ̀gbọ́n pẹ́ lórí ìdáhùn rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Fáànù kọ́. Ìyàwó mi ló bá mi gbọ́ ọ. Ohùn àwọn obìnrin yẹn ń jáde láti ọjọ́ yìí wá, etí mi ni kò gbé ohùn tín-ín-rín mọ́." Màdáámù ní kó lọ rí dókítà etí, kí tọkọtaya máa ṣe é pọ̀ títí dìgbà náà.

Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ó yí àga rẹ̀ padà kúrò níwájú kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi ìyàwó rẹ̀. "Kí ni mi ò gbọ́ nínú tìẹ?"

Àǹtí fa àga, ó jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ ti lè rí ẹnu òun dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ tó tutù.