Àwòrán Ojú Irin Tí Suara Tún Ṣe

Ọdún méjìlélógún ni Suara fi po ọ̀dà ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà, ẹnikẹ́ni kò sì rí ilà kan ṣoṣo nínú ọ̀dà rẹ̀ rí. Bó bá pò ó tán, á fi díẹ̀ kun ọmọrí agolo, á gbé e jáde sẹ́nu ọ̀nà, á yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn. "Iná gílóòbù a máa purọ́," ni yóò wí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, "oòrùn nìkan ni kì í ṣègbè." Ẹ wá wo bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń gbàgbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Olúfọlákẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, wà lára àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ló kà nílé ìwé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yíyẹ àwọ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Suara ló rí ṣe. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà ò níyì mọ́, tí ilé iṣẹ́ kò rí ìyẹ̀fun àwọ̀ kó wá láti òkè òkun, wọ́n ní kí òun àti àwọn mọ́kànlá mìíràn máa lọ sílé.

Ní oṣù Òkúdu ọdún 1988, ilé ìwé girama kan ń wá olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Olúfọlákẹ́ lọ béèrè, wọ́n ní kó mú àwòrán kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ni Olúfọlákẹ́ bá kó ọ̀dà rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Agége ní agogo mẹ́fà ìdájí lójoojúmọ́, ó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko nídìí ẹ̀. Yàrá tó ń gbé ń jò, ìyẹn ló ṣe gbé àwòrán náà wá sílé Suara lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ di Mọ́ńdè. Kò tíì gbẹ o."

Bó ṣe gbé e dúró ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, Suara rí Agége láàárọ̀: ìkùukùu tó ń ká kúrò lórí irin, omi òjò tó ń dán láàrin òkúta, èéfín ilé búrẹ́dì tí oòrùn kùn lósùn. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Àmọ́ kò sọ fún un, nítorí àgbà kì í tètè yin ọmọdé.

Lọ́jọ́ Àìkú, òjò ò jẹ́ kó jáde. Ó gbé àwòrán náà lé orúnkún lábẹ́ gílóòbù pálọ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Háà! Àwọ̀ ìyeyè níbí, àwọ̀ aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ láàrin wọn, ìkan ò wọnú ìkejì. Òjìji ọkọ̀ ojú irin kò tilẹ̀ dúdú, elésè àlùkò ni. Olúfọlákẹ́ ti sọ fún un rí nípa àwọn ayàwòrán Faransé ayé àtijọ́ kan tó máa ń gbé iṣẹ́ wọn jáde lọ bá oòrùn, tí wọ́n ń to àwọ̀ síra wọn láìpò wọ́n pọ̀, kí ojú ẹni tó dúró lókèèrè lè bá wọn pò ó. Suara rò pé àwàdà ni.

Àánú ọmọ náà ṣe é. Ìpayà àìríṣẹ́ ló mú un kánjú, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀, ilé ìwé náà á sì lé e padà. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ jù lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilà rẹ́ láti òsì sí ọ̀tún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Ká má tan ara wa, ó wù ú pẹ̀lú kí ọwọ́ òun wà níbẹ̀. Nígbà tó parí, ó dán lójú ẹ̀ bí ilẹ̀kùn tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, oòrùn yọ. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ìkùukùu ti lọ, ìmọ́lẹ̀ ti lọ, ohun tó kù kò yàtọ̀ sí omi tí wọ́n fi fọ búrọ́ọ̀ṣì. Suara jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun gan-an lẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu. Ìgbà tó gbọ́ ohùn Olúfọlákẹ́ níta, ó sáré gbé àwòrán náà padà sínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Fọlákẹ́, òjò ni o." Irọ́ ti jáde kó tó mọ̀. "Òrùlé yìí ń jò, mi ò mọ̀. Omi ti kàn án."

Olúfọlákẹ́ kò sunkún. Ó gbé àwòrán náà, ó ṣe ohun tí Suara fúnra rẹ̀ kọ́ ọ: ó gbé e jáde sínú oòrùn. Ó wò ó pẹ́. Ó wá fi ìka tọ ipa búrọ́ọ̀ṣì, láti òsì sí ọ̀tún.

"Bọ̀dá Suara, ọwọ́ òjò yìí jọ tiyín."

Ìjẹ́wọ́ ti dé ètè Suara. "Máa ní kí káfíńtà wá wo òrùlé yẹn," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Olúfọlákẹ́ kúnlẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó gbé àwòrán rẹ̀ lọ.

Gbogbo òjìji tí Suara rí níbi iṣẹ́ ló di elésè àlùkò lójú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ti rí látijọ́. Lọ́jọ́bọ̀, ó tọrọ àyè, ó lọ sílé tí Olúfọlákẹ́ ń gbé kó lè tọrọ àforíjì. Sùlíyá, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, nìkan ló bá.

"Ó ti lọ sí Ìkẹ́rẹ́ látàná, Bọ̀dá. Ọwọ́ òfìfo ló gbé lọ bá àwọn tísà yẹn, wọn ò gbọ́ tiẹ̀."

Lókè ibùsùn, níbi tí òrùlé ti ń jò, Suara rí àwòrán náà. Wọ́n ti fi ìṣó kàn án mọ́gi àjà.

"Ẹ wò ó, ó ń dá òjò dúró dáadáa," ni Sùlíyá wí. "Fọlákẹ́ ní òjò ló bà á jẹ́ nílé yín, pé kẹ́nikẹ́ni má bá yín wí."

"Kì í ṣe òjò," ni Suara wí nígbẹ̀yìn, fún ẹni tí kò bi í.