Kumurci Dọ̀bálẹ̀ fún Abẹ́rẹ́

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá parọ́, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi di ẹrù wọn, kí wọ́n máa bá àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Adéìfẹ́, ọmọ àdúgbò Danmagaji nílẹ̀ Hausa, ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Muchia. Àmọ́ ohun tó fi ń gbéra ga ni ojú-ewé tó kọ nípa ejò nínú ìwé ìmọ̀ orí ayélujára, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí, tí ẹlòmíràn sì lè pa á rẹ́. Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, nítorí náà Kumurci, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe ejò ṣèbé, ló fi ń jẹ́ níbẹ̀. Ó ṣàlàyé paramọ́lẹ̀, ọká àti òjòlá dáadáa. Ìdí ìtọ́jú ló ti ṣìnà. Ó kọ ọ́ pé bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí wọ́n fi okùn di ojú ibẹ̀ pinpin, kí wọ́n fi abẹ gé e, kí wọ́n sì fẹnu fa oró náà jáde.

Ẹnìkan tó ń jẹ́ Abẹ́rẹ́ pa á rẹ́. Adéìfẹ́ dá a padà. Abẹ́rẹ́ tún pa á rẹ́, ó ní, "Ẹnu ta lo ti gbọ́ ọ?"

"Ẹnu bàbá bàbá mi."

"Ṣé dókítà ni wọ́n?"

"Ọdẹ ni wọ́n! Ìwọ Abẹ́rẹ́, aṣọ ni kó o lọ rán."

Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, títí Beulah, ọmọbìnrin tí Adéìfẹ́ fẹ́ fi ṣaya, fi ní kó wá fojú han ìyá òun ní Wusasa. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí. Ó ti dá àfẹ́sọ́nà kan padà rí torí pé ìkúnlẹ̀ ló fi kí i, kò nà gbọrọ. Bí kò bá gba Adéìfẹ́, igbéyàwó ti forí ṣánpọ́n nìyẹn.

Adéìfẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbọrọ. Inú Màmá dùn, ó lọ bu kúnú wá. Kó tó dé, Adéìfẹ́ yọ fóònù: Abẹ́rẹ́ ti tún pa á rẹ́ láàárọ̀ yẹn! Ọwọ́ ń yún un. Ó kọ ọ́ wàràwàrà: "Abẹ́rẹ́ aláìmọ̀kan, àbí ejò ti bù ọ́ jẹ lọ́pọlọ ni?"

Gbìn-ín! Fóònù Màmá dún lórí tábìlì. Màmá gbé kúnú kalẹ̀, ó wọ awò ojú, ó ka èébú náà sókè látòkèdélẹ̀.

"Haba! Ẹ wo aláìlẹ́kọ̀ọ́! Adéìfẹ́ ọmọ mi, ìwọ tó mọ kọ̀ǹpútà, bá mi wá Kumurci yìí rí. Mo fẹ́ mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ."

Adéìfẹ́ ti kúnú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lè dákẹ́ o. Ṣùgbọ́n ta ní ń bú ìyá ìyàwó, tí yóò tún máa mu kúnú rẹ̀? Ó tún nà sílẹ̀.

"Màmá, òun ló dọ̀bálẹ̀ yìí."

"Ta ni?"

"Kumurci."

Màmá wò ó láti ìpàkọ́ dé gìgísẹ̀.

"Ó dáa. Fẹnu fa oró ẹnu rẹ jáde ká wò ó."

Beulah tó jókòó tì wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ tí okùn bà jẹ́, kì í ṣe ejò, mo ti tọ́jú rẹ̀ rí. Bí ẹnìkan bá ka ọ̀rọ̀ rẹ, tó sì ṣe é ńkọ́? Má tíì dìde. Kọ ọ́."

Ó dorí kodò sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ ohun tí Màmá ń pè: kí ẹni tí ejò bù jẹ má sáré, kí wọ́n má gé ojú ibẹ̀, kí wọ́n má dì í, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Màmá gba fóònù, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Dìde. Ẹni tó jẹ́wọ́ nígbà tí n kò tíì mú un, mo lè fún un lọ́mọ. Ní kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá tún bú mi níbẹ̀..."

"Èmi kẹ̀, Màmá?"

Lójú ẹsẹ̀ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń ró gbọin-gbọin bí ẹni pé ó ń ṣe àmín.

Ó dáa, agogo yẹn nìkan ni mo fi kún un. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kò sẹ́ni tó lù ú.