Olùkọ́ Kẹ́místírì ní Ọ̀kà

Ọmọ mi obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì ní Àkùngbá, ti fìdí rẹmi nínú ọ̀gáníìkì kẹ́místírì lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò lé e kúrò. Wọ́n júwe olùkọ́ kan fún wa ní Ọ̀kà, a sì gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ lọ bá a lọ́sàn-án Jímọ̀ kan tí ọyẹ́ bo òkè mọ́lẹ̀.

Bí a ti dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ohùn kan pe ọmọ mi láti inú ilé. Orúkọ tí ìyá mi sọ ọ́ ni ó pè, èyí tí a kì í pè kọjá ilé wa. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì dákẹ́.

Olùkọ́ náà dé láti mọ́ṣáláṣí, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ káàbọ̀, màmá. Ẹ má bínú, mo lọ kírun.”

“Ta ló wà nínú ilé, sà?” ni ọmọ mi bi í.

“Èmi nìkan ló ń gbé ibí.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè kọ́ ọ níta níbí? Afẹ́fẹ́ wà.”

“Afẹ́fẹ́, nínú ọyẹ́ yìí?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó dáa. Ìta náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fẹ́.”

Ó gbé pátákó àti àga jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọ mi wò mí. Mo fi ojú sọ fún un pé kó jókòó, nítorí ìdánwò kò ní dúró dè wá.