Màmá Mi Sunkún fún Ọmọ Inú Ìwé

Òórùn káńfọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi la mọ ìtumọ̀ òórùn yẹn: wọ́n ti fa báàgì ńlá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan ń lọ sílé. Mo yọjú wo inú báàgì, aṣọ tèmi ni mo rí.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Àbúrò bàbá mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo dúró ṣánṣán níwájú wọn, mo ní, "Maakye," lédè Twi. Bí gbogbo ọmọ àdúgbò wa, Ashanti New Town, ṣe ń kí èèyàn láàárọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa màmá mi. Wọ́n ní n ó lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, kí n lọ kọ́ ìkúnlẹ̀ àti èdè. "Ilé làbọ̀ sinmi oko," bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Wọn ò sì ní oko kankan ní Kumasi o. Abọ́ tánganran ni wọ́n ń tà ní ọjà Kejetia.

Mo dá ọgbọ́n kan. Mo yá ìwé ìtàn kan níléèwé, ìtàn ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ fà lé ìbátan kan lọ́wọ́ lọ́nà jíjìn. Mo gbà pé bí màmá bá ti rí ìyá inú ìwé, wọn yóò rí ara wọn, wọn yóò sì tú ẹrù mi. Mo jókòó tì wọ́n ní ìsọ̀, mo ń fi Yorùbá àdàlù Twi túmọ̀ ìwé òyìnbó náà fún wọn.

Nígbà tí mo ka ibi tí ọkọ̀ ti gbé ọmọ náà lọ, màmá mi bú sẹ́kún. Ẹkún gidi ni, tí aládùúgbò wa nínú ọjà fi ń béèrè ẹni tó kú.

"Subuhánállàhì! Irú ìyá wo nìyí? Ọmọ tó fi ikùn ara rẹ̀ bí! Àbí ó jí i gbé ni?"

Inú mi dùn. Mo rọra ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Wọ́n nu imú, wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. "Èmi kẹ̀? Ìyẹn lé ọmọ tirẹ̀ dànù ni. Èmi ń rán ọmọ tèmi lọ sílé." Wọ́n wá mú abọ́ tó dára jù lórí àtẹ, wọ́n ní kí n gbé e fún ìyá àgbà.

Mo lọ. Mo kọ́ ìkúnlẹ̀, mo kọ́ èdè, àárò Kumasi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti padà sí Kumasi. Ní kékeré mi, kò sí òbí inú ìwé tí n kì í dá lẹ́bi kí n tó ka ìwé dé ìdajì. Lónìí, àwọn òbí náà ló ń ṣe mí láàánú; ọmọ ò mọ ohun tójú àgbà ń rí. Ọmọbìnrin mi kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn mọ́, mo bá sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ kó lọ gbé nílé fún ọdún mélòó kan.

Wọ́n fa ọmọ náà mọ́ra. "Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ yìí kúrò ní Kumasi, kó sìnkú mi ná."

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà kan, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń dúró dè. Àgbà tí mo dà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yéé ba ọmọ òun jẹ́.