Àwọn Ìdì Ìrépé Tí Mo Tú

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkòròdú, kí òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lápá Ìbeṣe tó gba ojú fèrèsé wọlé. Yàrá yẹn ni mo ń kó ìrépé aṣọ sí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń gba àgékù lọ́wọ́ àwọn télọ̀ àdúgbò, tí mo ń rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora. Ìwọ tí a jọ kọ́ni mọ bí mo ṣe rí: bí ṣọ́ọ̀kì kan bá wà níbi tí kò yẹ kó wà, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí aṣọ pẹ́ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà mo ra àpótí oníke tó ń fi inú hàn, mo to ìrépé mi sínú wọn ní àwọ̀ àwọ̀, mo sì lẹ ìwé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá láti Ẹ̀pẹ́ láti máa bá wa gbé, àpò ìrẹsì méjì ló gbé wá. Aṣọ wíwọ̀ wà nínú ọ̀kan. Èkejì kún fún ìdì ìrépé aṣọ, bíi mẹ́rìnlá, ọ̀já aṣọ ni wọ́n sì fi di ọ̀kọ̀ọ̀kan: òmíràn ní kókó kan, òmíràn méjì, òmíràn méjì tí àlàfo wà láàárín wọn. Màmá náà máa ń rán ìbora. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ọmọbìnrin mi àgbà lóyún nígbà náà, Màmá sì ti sọ pé òun yóò rán ìbora kan fún ọmọ tí ọmọ-ọmọ òun fẹ́ bí, ìrépé gbogbo ẹbí yóò sì wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀, ó máa ń ní kí n bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́ méjìlá. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. A ó jókòó ti fèrèsé títí di ìrun Àìlà.

Káńfọ̀ mi nìkan ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. “Tíṣà, káńfọ̀ ni wọ́n fi ń wẹ òkú. Ṣé aṣọ yìí ti kú ni?”

“Kò kú, Màmá. Kòkòrò ni mò ń lé.”

“Èmi náà lo fẹ́ lé o.”

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo wo àpò ìrẹsì yẹn títí, ojú mi kò gbà á. Mo ní n ṣe ìyá lóore. Mo tú gbogbo ìdì náà. Àwọ̀ wọn dàpọ̀ mọ́ra, Màmá sì ti ṣẹ́ ojú aṣọ sínú, tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Mo fọ̀ wọ́n, mo lọ̀ wọ́n, mo ṣẹ́ ojú wọn síta kí àwọ̀ lè hàn, mo kó pupa sínú àpótí kan, búlúù sínú òmíràn. Àwọn ọ̀já tó ní kókó, mo dà wọ́n nù.

Nígbà tó dé, ó fi ọwọ́ pa ìdérí àpótí kìíní, ó fi pa ti èkejì. “O kú iṣẹ́, ìyàwó mi. Ó mọ́ tónítóní.” Láti ọjọ́ náà, kò ránṣọ mọ́. Lónìí, ẹ̀yìn ń dùn ún. Lọ́la, orí ń fọ́ ọ. Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ ìyá òun. Mo bi í pé ta ló ń bẹ̀bẹ̀ nítorí pé ó tọ́jú ilé.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo rí ìrépé mẹ́rin lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti gbìyànjú láti rán wọn pọ̀ nígbà tí mo lọ sọ́jà. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wẹ́, ó gún régé, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn dojú dé. Ìyẹn ló mú mi jókòó. Ìwọ náà rántí àwọn ọmọ tí orí máa ń fọ́ nígbàkígbà tí a bá ní kí wọ́n dìde ka ohun tó wà lójú pátákó. Mo máa ń fọ́nnu pé n kì í pẹ́ mọ̀ wọ́n, pé èmi ni mo máa ń mú wọn wá síwájú, tí mo sì ń ránṣẹ́ pe òbí wọn. Ẹni tó ń jókòó tì mí láràárọ̀ ni n kò mọ̀.

Mo gbé aṣọ náà tọ̀ ọ́ lọ. “Màmá, èwo ló dojú dé nínú wọn?”

Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. “Kò sí. Wọ́n dọ́gba.”

Nígbà tó yá, ó gbé aṣọ náà lé itan. “Ojú ni, Tíṣà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ wá. Kókó ni mo fi ń mọ aṣọ ẹni tí mo mú. Bí mo bá sì ti tú u, mo mọ̀ pé inú ni ojú rẹ̀ wà.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

“Kí ẹ lè máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìtọ̀?”

“Ẹ dárí jì mí, Màmá.”

“O ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ rẹ wà nínú àpótí rẹ, n ò sì mọ ibi tó wà.”

Lọ́sẹ̀ yẹn la gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n bí Màmá bá ń kán oògùn déédéé, èyí tó kù lè dúró. Ó ní ká ní a tún jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, èyí tó kù náà ì bá ti lọ.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ìdì padà. Èmi ni ojú, òun ni ìrántí. Mo mú ìrépé kan, mo ní, “Funfun ni, ó ní ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́.” Ó fi ọwọ́ rà á. “Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ọkọ rẹ. Òun ló wọ̀ lọ́jọ́ tó sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tó sáré wá wo ọkọ rẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹja ló ń rùn látòkè délẹ̀. Ta kókó kan.”

“Èyí pupa, ó ní òdòdó yẹ́lò.”

“Tèmi nìyẹn. Mo rẹwà nínú rẹ̀ gan-an. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kù tó lè jẹ́rìí.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é fún ọjọ́ púpọ̀. Mo ti ń gbé nínú ẹbí yẹn fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀ wọ́n. Mọ́kànlá nínú àwọn ìrépé náà kò ṣeé mọ̀ mọ́. Ọṣẹ mi ti pa wọ́n lára dà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n dì wọ́n pọ̀. Mo bi í pé kókó mélòó. “Ta iye tó bá wù ọ́. Ìdì Tíṣà nìyẹn.”

Ọmọ náà ti ń rá kòrò kí ìbora tó parí. Ìdì Tíṣà la fi ṣe etí rẹ̀ yí ká. Mo fẹ́ tú ìrépé méjì tó dojú dé kí n tún wọn rán, ṣùgbọ́n Màmá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ọmọ náà yóò ní ohun tí yóò béèrè.

Màmá ti padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, ìwọ̀nba ojú tó kù sì ṣì wà. Lóṣooṣù, mo máa ń gba ọ̀nà Agbówà gbé oògùn rẹ̀ lọ. Bó bá pè mí lórí fóònù, kó tó kí mi ló máa ń béèrè pé, “Tíṣà, ẹrù ta lo tún tú lónìí?” N kò ní sọ fún ọmọ kankan pé àṣìṣe dára, kò dára. Ṣùgbọ́n mo ń dúpẹ́ pé èyí fojú hàn nígbà tí nǹkan ṣì kù tí a lè tọ́jú.

Ìwé ṣì wà lára àwọn àpótí mi, mo sì ti so ọ̀já oníkókó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá fi ìyókù ìdì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Nígbà mìíràn, mo máa ń wọ yàrá náà, màá di ojú mi, màá máa fi ọwọ́ wá ìdì tó ní kókó kan ṣoṣo. Bàbá ọkọ mi ti kú kí n tó di ìyàwó ilé wọn. Ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n.