Kílọ́ọ̀bù Họ́kì Tí Uncle Délé Fi Ọmọ Sí

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ra iṣu tán, mo ń gba gbàgede Woolwich kọjá, ni mo bá rí i pé wọ́n ti ṣe pápá omi dídì síbẹ̀ nítorí Kérésì, táwọn ọmọdé ń yọ̀ kiri lórí ẹ̀ pẹ̀lú bàtà onírin. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá wọn ń ya fọ́tò. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Ìró irin tó ń ha yìnyín yẹn, ṣáà, ṣáà, ló mú mi dúró bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ bá iléeṣẹ́ ìbọn àtijọ́ tó ti di ilé olówó létí odò, ẹ ò lè mọ bí Thamesmead ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Kọnkéré lókè, kọnkéré nísàlẹ̀, adágún omi láàárín, àti atẹ́gùn odò tó ń wọ eegun. Àwọn ọmọkùnrin kan máa ń dúró pẹ̀lú ajá lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá rí aláwọ̀ dúdú, wọ́n á tutọ́, wọ́n á dẹ okùn ajá díẹ̀, wọ́n á tún fà á padà. Mummy kọ́ wa pé ká má sáré, ká má sì wojú wọn. Ẹ̀rù máa ń bà mí gan-an.

Ibẹ̀ ni Uncle Délé, àbúrò Mummy, ti wá bá wa láti Jámánì, apá ìlà-oòrùn, níbi tó ti lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ nílùú kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ìjọba àti ògiri tó pín Jámánì sí méjì lẹ́nu ẹ̀, ó ṣìnà. Ìtàn kílọ́ọ̀bù họ́kì orí yìnyín ló mọ̀. Bó bá ti jẹun Sunday yó, tó fẹ̀yìn ti àga, ẹ ti wọ gàù nìyẹn. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ gíláàsì ló dá a sílẹ̀ láyé àtijọ́, lórí adágún tó dì, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá róbà pelebe kiri. Ìlú tí kò tó Plumstead, wọ́n ń gba ife lọ́wọ́ ìlú ńlá! Nígbà tó yá, ìjọba ní eré náà ti ń náni lówó jù, wọ́n tú gbogbo kílọ́ọ̀bù ńlá ká, ó ku méjì ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn méjèèjì wá ń bá ara wọn gbá á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Daddy mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á ní, “Délé, ẹni tó bá ṣe ipò kejì ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, òun náà ló kẹ́yìn.”

A máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Àmọ́ ìtàn náà ní ibi tí kò pani lẹ́rìn-ín. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Baba Horst, tó ń tọ́jú yìnyín pápá náà, ló mú Uncle mọ́ra, tó ní kó máa bá òun da omi gbígbóná sórí yìnyín kó lè dán. Níbẹ̀ ni Uncle ti pàdé obìnrin tó bí ọmọkùnrin kan fún un. Ọmọ ò tíì rìn tí ìwé Uncle fi parí, ìjọba ibẹ̀ sì ní kó máa lọ. Ohun kan ṣoṣo tó mú dání ni jẹ́sí kékeré, pupa àti dúdú, àwọ̀ kílọ́ọ̀bù, tí ìyàwó Baba Horst hun fún ọmọ náà. Inú nylon ló tọ́jú ẹ̀ sí, tó so ẹnu ẹ̀ pinpin kí òórùn ọmọ má bàa lọ. Nígbà mìíràn á tú u, á kimú bọ̀ ọ́, á tún so ó padà.

Nígbà tí ògiri wá wó, obìnrin náà ti kó kúrò níbi tí Uncle mọ̀. Ó fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì bẹ Baba Horst pé kó má sọ ilé òun fẹ́nikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti dàgbà, ó ń gbá họ́kì pẹ̀lú àwọn kékeré kílọ́ọ̀bù. Ìyẹn ni Baba Horst sọ fún Uncle lórí fóònù, pẹ̀lú ìròyìn burúkú: iléeṣẹ́ gíláàsì ti kógbá sílé, kílọ́ọ̀bù ò ní alátìlẹ́yìn mọ́, ó lè má rọ́dún tó ń bọ̀.

Uncle ní ká fi kílọ́ọ̀bù sínú àdúrà. Mummy ní, “Họ́kì? Ṣé orí ẹ pé ṣá, Délé?”

“Sister mi, bí kílọ́ọ̀bù yẹn bá kú, ibo ni mo ti fẹ́ rọ́mọ mi?”

Mummy ní ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìjọ.

Nínú ìjọ wa, ìjọ Aládùúrà tó ń pàdé nínú gbọ̀ngán kan ní Plumstead, bí ẹni tá a fẹ́ gbàdúrà fún bá jìnnà, aṣọ ẹ̀ la máa ń gbé lọ síwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n pupa ò gbọdọ̀ wọ ilé àdúrà, dúdú ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Mummy rò ó títí. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí Uncle wà níbi tó ti ń fọ bọ́ọ̀sì, ó tú nylon yẹn, ó rẹ jẹ́sí náà sínú bleach, kó lè funfun fún Ọlọ́run.

Kò funfun o. Ó dà bí ẹran tí wọ́n bọ̀ tí kò jinná.

Uncle dé, ó gbé e símú. Kò pariwo. “Sister mi, kí lẹ ṣe yìí? Ọmọ mi ti lọ.”

Mummy mi, tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni, kúnlẹ̀ fún àbúrò ẹ̀. Uncle sáré gbé e dìde: “Ẹ dìde o, ẹ má gé ẹ̀mí mi kúrú!” Àwọn méjèèjì wá bú sẹ́kún nínú kíṣìnnì. Nígbà tí wọ́n sunkún tán, Uncle ní òun ń lọ Jámánì.

Mummy ní, “Wọ́n ń sun ilé àwọn àlejò níbẹ̀. A jọ wò ó lórí tẹlifíṣàn!”

“Sister mi, ṣé Thamesmead ló wá dáa?”

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ. Mummy gbààwẹ̀ títí ó fi dé. Òun nìkan ló dé.

Ó ní òun rí i. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ gbá kí àwọn àgbà tó wọlé, Baba Horst sì fọwọ́ tọ́ka sí i: eléré lọmọ náà, ó ń sáré bí atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n fárí kodoro ti kún ẹ̀gbẹ́ pápá, tí wọ́n ń kọ orin èébú sí aláwọ̀ dúdú. Eré parí, gbogbo ọmọ ṣí akoto kúrò lórí láti mu omi. Tiẹ̀ nìkan ló wà lórí, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́, ó doríkodò títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ ìyá ẹ̀.

“O ò pè é?” Mummy fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

“Bí mo bá pè é, Sister mi, gbogbo wọn á mọ̀ pé ọmọ mi ni.”

Ó wá ní òun fi àdírẹ́sì ilé wa sílẹ̀ lọ́wọ́ Baba Horst, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí kílọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá lè ṣí orí láìbẹ̀rù, kí wọ́n fún un.

Kílọ́ọ̀bù ò kú. Wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà, ó ti já wálẹ̀, ó ti tún gòkè. Àwọn tí ọjọ́ wọn pé nìkan ló ń lọ: Baba Horst lọ, Daddy mi lọ, Uncle Délé náà sùn lọ́dún tó kọjá. Nínú àwọn ọmọkùnrin alájá yẹn, ọ̀kan ti di bàbá àgbà tó ń kí mi ní bus stop. Wọ́n ti ń wó ilé kọnkéré wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún Mummy ní flat tuntun tó ní lift, àwọn aládùúgbò ti kó lọ tán. Mummy ní òun ò lọ.

Mo ní, “Mummy, ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jọ̀ọ́. Òtútù ibí á pa yín.”

Ó ní, “Ibí ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù. Bí ọmọ náà bá kanlẹ̀kùn, ta ló máa ṣí i fún un?”

Mo ti kó ẹrù tèmi náà padà síbẹ̀.