Ìdérí Agolo Lára Ọkọ̀ Àna Mi

Ọkọ àbúrò mi obìnrin, Ó-ti-parí là ń pè é. Iṣẹ́ yòówù kó dì mú, kò ní tíì dé ìdajì tí yóò ti fi ṣòkòtò nu ọwọ́, á ní ó ti parí. Ogójì ọdún ló fi wa ọkọ̀ elérò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ kan tó dàgbà ju àkọ́bí wọn lọ. Ilé ni ọkọ̀ náà: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, tábìlì tó ṣeé ká wà. Ó ní inú rẹ̀ ni òun àti ìyàwó òun yóò máa sùn títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin, kí ọmọ-ọmọ wọn lè pé ọdún kan lójú wọn.

Ọkọ̀ ọ̀hún ti dípẹtà. Abẹ́ ilẹ̀kùn, etí òrùlé, ibi tí táyà ń ta omi sí.

Àbúrò mi wò ó yíká. Ó ní bí èmi ẹ̀gbọ́n òun ò bá fọwọ́ sí i, òun yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ ní tòun, kí bàbá ọmọ òun máa dá sùn nínú páànù rẹ̀. Wẹ́dà ni mí. Tó bá di ọ̀rọ̀ irin, n kì í gbè sẹ́yìn àna.

Mo sọ fún àna mi pé kó họ ìpẹtà náà títí yóò fi kan irin funfun, kó gé ibi tó ti jẹrà, kó pè mí wá jó páànù tuntun mọ́ ọn, kó sì kun ọ̀dà pupa tó ń ṣáájú ọ̀dà gidi lọ́jọ́ náà gan-an kí ìrì tó sẹ̀ sí i. Ó ní ó yé òun. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ránṣẹ́ sí mi. Ó ti parí.

Ọkọ̀ náà ń dán débi pé mo rí irùngbọ̀n mi lára rẹ̀.

Òòfà ni mo fi ń yẹ ọkọ̀ wò, èyí tí mo yọ lẹ́yìn sípíkà ńlá kan. Bí irin bá wà lábẹ́ ọ̀dà, á lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ púútì, ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò, á já bọ́. Àna mi mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó ti bá mi fi àwọn tí mo ká mọ́ rẹ́rìn-ín rí.

Mo gbé e sí etí òrùlé, ó lẹ̀. Ibi táyà, ó lẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ pẹ́kí. Àna mi ń súfèé. Àbúrò mi ti ń wo ibi tí yóò kó ìkòkò sí.

Ara fu mí, nítorí kò pè mí wá jó páànù kankan. Mo fa òòfà náà kí n gbé e kúrò, kò sì dá wá. Ìdérí agolo kan bá a jáde, púútì rọ̀ mọ́ ọn. Púútì náà ò tíì gbẹ dénú. Ó-ti-parí kì í dúró de nǹkan kó gbẹ. Ihò tó kù níbẹ̀, ológbò lè gbà á wọlé.

Àbúrò mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná họ ọ́.

"Ìdérí agolo ṣúgà mi nìyí. Òun ni mo tìtorí ẹ̀ pe ìyá iwájú ilé ní olè." Ohùn rẹ̀ rọ̀ jù. "Mélòó ló wà lára ọkọ̀ yìí, Bàbá wọn?"

"Mẹ́fà." Àna mi ronú. "Méje. Ti bisikí wà lórí òrùlé."

Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi ní kó kọ́kọ́ gbé ìdérí lọ bẹ ìyá iwájú ilé, kó tó wá bẹ òun. Ó lọ. A ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá náà láti ibi tí a dúró sí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n gbéra. Àna mi fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà họ irin títí apá fi wú. Mo gé, mo jó o. Nígbà tí mo dé àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, mo bá wọn ní dídí. Ó ní nítorí eku lòun ṣe dí wọn.

"Àna, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé."

Ó mú ìṣó, ó lu ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kun ọ̀dà pupa, ó jókòó tì í títí ó fi gbẹ, kó tó kun funfun lé e. Kò sọ pé ó ti parí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó."

Mo wò ó. Mo fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, àbúrò mi gba òòfà lọ́wọ́ mi, ó ní òun yóò mú un dání. Ó kọ́kọ́ gbé e lé ọkọ rẹ̀ lágbárí. Ó já bọ́.

"Púútì ni gbogbo ẹ̀," ó ní, ó sì wọ ọkọ̀.